Bàbá Wo Ló Ni Ilé Náà?

Kí n tó sọ bí a ṣe ra ilé, ó yẹ kí n sọ ìdí tí ìwé ilẹ̀ fi ń bà mí lẹ́rù, kí ẹ má baà rò pé ojo lásán ni mí.

Nígbà tí àwọn ọmọ wa ṣì kéré, mo ra ilẹ̀ kan ní ìgbèríko, níbi tí Èkó ti ń parí lọ. Ọkùnrin kan tó dé fìlà, tó sì mọ gbogbo ọ̀nà àdúgbò náà, ló tà á fún mi. Ó ní òun ni olórí ẹbí tó ni ilẹ̀. Mo wo fìlà náà, mo gbà á gbọ́. Ó kọ rìsíìtì fún mi, mo kọ́ yàrá méjì. A ò tíì gbé ibẹ̀ pé ọdún kan tí àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù fi dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn àti ọlọ́pàá àti katapílà. Ẹbí mìíràn ló ni ilẹ̀, wọ́n ti gba ìdájọ́ tipẹ́tipẹ́, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi.

Ìyàwó mi ti mú àwọn ọmọ lọ sí ilé ìwé. Èmi wà ní balùwẹ̀, mo ti fi ọṣẹ bo gbogbo ojú, omi sì ń dà sí mi létí débi pé mi ò gbọ́ ariwo tí wọ́n ń pa níta. Ògiri balùwẹ̀ ló kọ́kọ́ wó. Búlọ́ọ̀kù kan já lu ẹsẹ̀ mi ọ̀tún, àpá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Mo gba ojú ihò tí ògiri fi sílẹ̀ jáde bí Ọlọ́run ṣe dá mi, pẹ̀lú ọṣẹ. Obìnrin kan láti ilé kejì ju ìró rẹ̀ sí mi, mo ró o, mo sì jókòó sórí iyẹ̀pẹ̀, mo ń wò wọ́n. Ẹni tó ń wa katapílà sọ̀kalẹ̀ wá bẹ̀ mí, ó ní òun ò mọ̀ pé èèyàn wà nínú ilé. Mo dá a lóhùn pé kò burú. Títí dòní, mi ò mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka gbogbo ìwé lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyàwó mi máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé mò ń ka ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀rá búrẹ́dì. Kò pa irọ́. Ohun tó wá yani lẹ́nu ni pé ìwé náà ni mo fi ń jẹun. Bajúláíyé ní Ṣómólú ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ọ̀kan lára àwọn ilé ìtẹ̀wé tó kún ibẹ̀. Èmi ni mò ń lo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé pépà. Káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì, ìwé ètò ìsìnkú, gbogbo rẹ̀ ló ń gba abẹ́ ọ̀bẹ mi kọjá.

Ilé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà ní Bàrígà, kò jìnnà sí Ladi-Lak, níbi tí a ti ń gbé yàrá àti pálọ̀ láti ìgbà tí katapílà ti lé wa padà wọ ìgboro. Ilé ilẹ̀ oníyàrá mẹ́rin ni. Ìyá àgbà kan ló ń gbé inú rẹ̀, ọmọ Ìlàjẹ láti etí òkun Oǹdó, tó ń yan ẹja lẹ́yìnkùlé. Gbogbo àdúgbò ń pè é ní Màmá. Ọwọ́ rẹ̀ ni ìyàwó mi ti ń ra ẹja, wọ́n sì ti di ọ̀rẹ́ débi pé bí ìyàwó mi bá ní òun fẹ́ lọ ra ẹja mẹ́ta, mo ti mọ̀ pé mi ò ní rí i fún wákàtí méjì.

Lọ́jọ́ kan, ó ti ọ̀dọ̀ Màmá dé, ó sì gbàgbé ẹja síbẹ̀. Ó ní Màmá fẹ́ ta ilé. Orúnkún ń dùn ún, èéfín ti ń ba ojú rẹ̀ jẹ́, ó fẹ́ padà sílé lọ máa gbọ́ ìró òkun. Ó ní kàkà kí òun tà á fún ẹni tí òun ò mọ̀, òun á tà á fún ọkọ oníbàárà òun, ọkùnrin tó máa ń ka ọ̀rá búrẹ́dì yẹn.

Inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ ọdún la ti fi ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀, nínú àjọ àti ní báńkì. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún. Bí a bá tún pàdánù èyí, kò sí ọjọ́ orí tí a ó fi kó òmíràn jọ. Mo sọ fún ìyàwó mi pé a ó rà á, ṣùgbọ́n a ó rà á bí ẹni tó gbé àwo ẹyin tó ń gun àkàbà.

Mo lọ bá lọ́yà kan, obìnrin tí mo lè bí, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú. Bí ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ bá ti ń ṣiṣẹ́, tábìlì rẹ̀ á máa gbọ̀n, bírò á sì máa yí lọ sí etí tábìlì. Ó ṣe gbogbo ohun tó yẹ. Ó lọ sí Aláùsá, ó yẹ àkọsílẹ̀ ìjọba wò, ó sì rí ìwé tí bàbá Màmá fi ra ilẹ̀ náà, wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó gbé sọ́fè, ìyẹn ìwé tí wọ́n ya àwòrán ilẹ̀ sí, fún awọnlẹ̀ kan kó lọ wádìí bóyá ìjọba ti fi àmì sí ilẹ̀ náà fún títì tàbí fún nǹkan mìíràn. Ìjọba ò fi àmì sí i. Ó wá ẹjọ́ ní kóòtù, kò rí ẹjọ́. Ó wá ṣàlàyé fún mi pé bàbá náà àti ìyàwó rẹ̀ ti kú, bàbá ò sì kọ ìwé ìhágún, nítorí náà àwọn ọmọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ ní kóòtù gíga kí wọ́n tó lè ta ilé. Màmá tó jẹ́ àkọ́bí ni yóò ṣíwájú wọn, òun ni yóò búra. Orúkọ bàbá tí Màmá ń jẹ́ àti orúkọ tó wà lára ìwé ilẹ̀ bára mu láìku ẹyọ lẹ́tà kan. Lọ́yà ní kí n máa yọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Mo gbìyànjú láti yọ̀. Ayọ̀ ò wá. Ohun tó ń dà mí láàmú ni iye ọmọ tí bàbá náà bí. Ní ọjọ́ kan Màmá á sọ pé àwọn ò pọ̀, ní ọjọ́ mìíràn á ní àwọn pọ̀ díẹ̀. Èmi sì mọ ibi tí wọ́n ti ń ka ọmọ olóògbé. Inú ìwé ètò ìsìnkú ni. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ kí ayé mọ̀ pé ọmọ lòun á rí i dájú pé orúkọ òun wọ ibẹ̀. Ojú mi báyìí ni ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ṣe jà nídìí ẹ̀rọ mi nítorí ẹni tí orúkọ rẹ̀ máa ṣáájú.

Mo bẹ Màmá pé kó yá mi ní ìwé ètò ìsìnkú bàbá wọn. Inú rẹ̀ dùn gan-an, ó rò pé mo fẹ́ wo bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́. Ó fà á yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nínú ọ̀rá, ó sì ní kí n wo bí bàbá òun ṣe gbayì tó nínú àwòrán.

Nígbà tí a ṣíwọ́ láti jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo kà á níbi iṣẹ́. Ní àkọ́kọ́, mi ò rí nǹkan kan. Ní ẹlẹ́ẹ̀kejì, mi ò rí nǹkan kan. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni mo rí i. Níbi tí wọ́n ti ń sọ ìtàn ìgbésí ayé bàbá, wọ́n kọ ọ́ pé Ọlọ́run fi ọmọ méjì ta òun àti ìyàwó rẹ̀ lọ́rẹ. Ní ẹ̀yìn ìwé, lábẹ́ àwọn ọmọ tó gbẹ̀yìn olóògbé, ọmọ mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Orúkọ Màmá ló ṣáájú.

Mo gbé e fún ọ̀gá mi. Ó wò ó lábẹ́ gíláàsì rẹ̀, ó ní àṣìtẹ̀ ni. Mo fẹ́ kó jẹ́ òótọ́, nítorí pé a ti tẹ ohun tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Bajúláíyé. Èmi fúnra mi ti gé ìwé ètò ìsìnkú kan tí wọ́n kọ orúkọ pásítọ̀ síbi tó yẹ kí orúkọ òkú wà, pásítọ̀ náà ló sì kọ́kọ́ rí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ kọ mẹ́fà kì í ṣèèṣì kọ méjì. Mo dá ìwé náà padà sínú ọ̀rá, mi ò sì lè jẹ ìrẹsì mi tán.

Ẹ wo ìṣòro mi. Báwo ni mo ṣe máa bi ìyá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún bóyá bàbá rẹ̀ ni bàbá rẹ̀? Nínú ilé tiwa, ẹni tó bí mi ni mò ń pè ní bàbá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mò ń pè ní bàbá, àbúrò rẹ̀ náà ni mò ń pè ní bàbá. Kò sí ẹni tó ń béèrè èwo ni èwo, àfi ẹni tó bá ń wá ìjà. Mo lọ sọ fún lọ́yà. Òun náà ò fẹ́ béèrè.

“Mo ti bi wọ́n tẹ́lẹ̀, sà,” ló sọ. “Wọ́n ní àkọ́bí ni àwọn. Tí mo bá tún pa dà lọ bi wọ́n, ó máa dà bí ẹni pé mo ń bú ìyá tó bí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Tí wọ́n bá lọ búra ohun tí kì í ṣe òótọ́ ní kóòtù, ọmọ ẹni tó ni ilé gan-an lè dìde lọ́jọ́ iwájú, kó sì gba ilé náà lọ́wọ́ yín.”

Ó kù díẹ̀ kí n sọ fún un pé mo mọ bí wọ́n ṣe ń gba ilé.

Ìyàwó mi ló bá mi béèrè. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó jókòó ti Màmá lórí àpótí, ó ń bá a yí ẹja lórí iná. Èmi dúró sí ẹ̀gbẹ́ géètì, níbi tí mo ti lè tètè jáde bí ọ̀rọ̀ náà bá bàjẹ́. Wọ́n sọ̀rọ̀ owó epo, wọ́n sọ̀rọ̀ ọ̀nà Ìlàjẹ, bí ó ti jìnnà tó, àti bí a ṣe ń wọ ọkọ̀ ojú omi lẹ́yìn tí a bá ti sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò. Ìyàwó mi wá béèrè, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ sí lọ́kàn.

“Màmá, níbo ni wọ́n sin bàbá yín sí?”

Màmá ò gbé ojú kúrò lára ẹja. “Èwo nínú wọn?”

Ìyàwó mi wò mí. Mo wo ilẹ̀.

“Gbogbo wọn, Màmá,” ni ìyàwó mi wí.

Màmá wá sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ iye ẹja. Bàbá tó bí i lọ́mọ, apẹja ni, inú òkun ló kú sí kí wọ́n tó já Màmá lẹ́nu ọmú. Ẹ̀gbọ́n bàbá náà ló gbé e, tó mú un wá sí Bàrígà nígbà tó kọ́ ilé yìí, tó rán an lọ sí ilé ìwé títí ó fi parí ìwé mẹ́fà, tó sì fà á fún ọkọ. Àwọn mẹ́ta mìíràn náà tún wà tó kó jọ bẹ́ẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí, tó tọ́ wọn. Àwọn tó ti ara rẹ̀ jáde kò ju méjì lọ, ọkùnrin kan tó wà nílé ní etí òkun, àti obìnrin kan tó ń gbé ní Ìkòròdú. Ó bi wá bóyá nǹkan kan wà níbẹ̀ ni.

Mo sún mọ́ wọn, mo sì ṣàlàyé. Mo ní lójú òfin, àwọn méjì yẹn nìkan ló lè ta ilé, àwọn ló ni í.

Ọwọ́ Màmá dúró lórí ẹja.

“Ṣé òfin mọ ẹni tó ń fọ aṣọ bàbá nígbà tí wọn ò lè dìde mọ́?”

Mo ní òfin ò mọ̀ ọ́n.

“Ó yẹ kí ẹ sọ fún un,” ló wí, ó sì yí ẹja náà kó má baà jóná.

Mo rò pé ilé ti bọ́ lọ́wọ́ wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n Màmá nu ọwọ́, ó mú fóònù, ó sì pe àbúrò rẹ̀ tó wà ní etí òkun. Èdè ilé wọn ni wọ́n sọ, ìlàjì rẹ̀ ni mo gbọ́, ẹ̀rín ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí òun àti èyí tó wà ní Ìkòròdú ti sọ fún un pé kó ta ilé. Kò sí ẹni tó rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni kọ ọ́ sílẹ̀. Mo bẹ Màmá pé kó sọ fún wọn kí wọ́n máa bọ̀, kí wọ́n sì mú ìwé ọjọ́ ìbí wọn dání. Ó sọ fún wọn. Ó ní ọkùnrin tó fẹ́ ra ilé yìí, tí ẹ bá kí i pé ẹ káàárọ̀, á ní kí ẹ fi ẹ̀rí hàn pé àárọ̀ ni.

Wọ́n pàdé wa ní ọ́fíìsì lọ́yà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Àbúrò ọkùnrin náà ń kan ọkọ̀ ojú omi, ó sígbọnlẹ̀, ó sì wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Kò tíì jókòó dáadáa tí wọ́n fi tan ẹ̀rọ nísàlẹ̀, tábìlì sì bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Ó rò pé ilé fẹ́ wó, ó fò dìde. Ó bá èmi lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti pé oṣù mélòó kan tí mo ti mọ̀ pé ẹ̀rọ ni, ẹsẹ̀ mi ni kò tíì mọ̀. Lọ́yà ní kí àwa méjèèjì jọ̀wọ́ padà wá jókòó. Mo rò pé láti ibẹ̀ ni èmi àti ọkùnrin náà ti di ọ̀rẹ́.

Lọ́yà sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, kò fi apá kan pamọ́. Ó ní àwọn méjèèjì ni yóò lọ búra, àwọn ni kóòtù yóò fún ní ìwé àṣẹ, àwọn ni yóò fọwọ́ sí ìtajà. Ó wá wo Màmá, ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní òfin ò fún Màmá ní ìpín kankan nínú ilé náà. Màmá ń wo ọwọ́ rẹ̀. Gbogbo ọdún tó ti gbé nínú ilé náà, mo rò pé kò sí ọjọ́ kan tí ẹnì kan sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí i létí. Ojú sì tì mí, nítorí pé èmi ni mo hú u jáde.

Àbúrò ọkùnrin náà ló dáhùn.

“Lọ́yà, ẹ kọ ohun tí òfin bá fẹ́. Àwa méjì á búra, àwa méjì á fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní kí n tọ́ka sí àkọ́bí bàbá mi, ẹ̀gbọ́n mi rèé. Àwọn ló kọ́ mi ní ìrìn.”

Èyí tó wá láti Ìkòròdú ní ẹ̀gbọ́n àwọn ni yóò kọ́kọ́ mú nínú owó ilé kí àwọn tó mú, ẹni tí kò bá sì tẹ́ lọ́rùn kó lọ fi ẹjọ́ sùn níbi sàárè bàbá. Màmá ní kí wọ́n dákẹ́, kí wọ́n má pariwo ní ọ́fíìsì ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Ó ń fi etí ìró nu ojú, ó sì ń bínú sí ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ pé ó ń da erùpẹ̀ sí òun lójú.

Kóòtù ò yára. Ọ̀pọ̀ oṣù la fi dúró. Wọ́n gbé ìkéde sínú ìwé ìròyìn pé ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ sọ lórí ìní olóògbé kó wá sọ ọ́. Mo ra ìwé ìròyìn náà, mo gé ojú ewé yẹn pẹ̀lú ẹ̀rọ ọ̀gá mi, etí rẹ̀ gún régé. Lọ́yà kọ lẹ́tà sí àwọn mẹ́ta yòókù tí bàbá tọ́, kò sì sí ẹni tó ṣàtakò. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi níbi iṣẹ́ ti sọ mí ní Kóòtù. Bí mo bá ti ń wọlé, wọ́n á dìde dúró bí ẹni pé adájọ́ ló ń bọ̀. Mo máa ń ní kí wọ́n jókòó.

Ìwé àṣẹ náà jáde níkẹyìn. Ní ọjọ́ ìfọwọ́sí, lọ́yà ti kọ ìwé ìtajà sílẹ̀, àwọn méjèèjì ni olùtajà, èmi àti ìyàwó mi ni olùrajà. Ó fi Màmá náà sí i, nítorí pé Màmá ló ń gbé inú ilé, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́jọ́ kan pé wọ́n tà á mọ́ ọn lórí. Ó kù kó kọ ohun tí Màmá jẹ́ sí olóògbé. Ó gbé bírò dúró.

“Màmá, kí ni ká kọ?”

“Ọmọ.”

Lọ́yà wò mí. Gbogbo wọn wò mí. Kò sí ohun tó wù mí tó kí n ní kó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè ṣe nínú ìwé, ẹsẹ̀ mi náà mọ̀ ọ́n.

“Màmá, ẹ má bínú,” mo ní. “Mi ò lè fọwọ́ sí ìyẹn.”

Mo rò pé á dìde lọ. Kò dìde. Lọ́yà ronú díẹ̀, ó bi í bóyá ó lè kọ ọ́ báyìí pé, ẹni tí olóògbé tọ́ dàgbà. Ó kà á fún un lẹ́ẹ̀mejì.

“Ta ni wọ́n ń tọ́ dàgbà?” Màmá bi í.

“Ọmọ ni, mà.”

“Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.”

Ó gba bírò, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni di ọwọ́ òun mú, ó sì kọ gbogbo orúkọ rẹ̀ pátá, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní ìwé mẹ́fà.

Ó lo ọ̀sẹ̀ kan sí i láti kó ẹrù. Ọkọ̀ ojú omi tí àbúrò rẹ̀ fúnra rẹ̀ kàn ni wọ́n fi gba ojú ọ̀sà wá gbé e. Ó fi ààrò tó fi ń yan ẹja sílẹ̀ fún ìyàwó mi, ó sì mú un lọ mọ àwọn tó ń kó ẹja fún òun. Lọ́yà ti gbé ìwé wa lọ fún àṣẹ gómìnà, èyí tó ń fìdí ìtajà múlẹ̀. Kò tíì jáde, mo sì máa ń pè é ní gbogbo ọjọ́ Mọ́ńdè láti béèrè.

Ní ọjọ́ kẹta tí a kó wọ ilé, mo ra ọ̀dà pupa, mo gbé àga síwájú ògiri tó kọjú sí títì, mo sì gùn ún. Ẹ mọ ohun tí a máa ń kọ sára ilé ní Èkó kí àwọn oníjìbìtì má baà tà á lẹ́yìn onílé: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Ìyàwó mi jáde wá, ọwọ́ rẹ̀ ń rùn fún ẹja.

“Dádì, ta ló sọ fún yín pé ẹnì kan fẹ́ rà á?”

Mo ní kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ó ní kí n wo ògiri náà dáadáa, kí n wo páànù orí rẹ̀, kí n wo géètì tó ti fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ jí èyí tà, àánú rẹ̀ ló yẹ kó ṣe wá. Mo rẹ́rìn-ín títí àga fi ń mì lábẹ́ mi. Ó bá mi di àga náà mú, mo sì ń kọ ọ́ lọ. Nígbà tí mo dé ìdajì, ó ní àwọn lẹ́tà mi ń sáré lọ sísàlẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí wọ́n máa sáré, wọn ò ní kúrò lórí ògiri.